Eyín Tuntun Tí Gbogbo Ilé Bá Mi Yọ̀ Sí

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń lo oògùn eegun mi. Kí oòrùn tó yọ ni mo ti máa ń jí. Màá bu omi lásán sí kọ́ọ̀bù ńlá, kì í ṣe tíì, kì í ṣe ẹ̀kọ, màá fi gbé hóró kan ṣoṣo mì, màá sì wà lórí ìdúró. Bí dókítà tó kọ́kọ́ fún mi ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn: mi ò gbọ́dọ̀ jẹun, mi ò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, títí oògùn náà á fi sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, torí ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Èmi kì í sì í dúró lásán. Mo sọ àsìkò náà di àsìkò ilẹ̀ gbígbá. Bí àwọn ará ilé wa ní àdúgbò Ọ̀fin bá ti gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní, "Màmá ti gbé eegun wọn mì o."

Èèpo obì ló fa oògùn ọ̀hún. Obì gbàǹja ni iṣẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Bí wọ́n bá kó obì tútù dé láti oko, a ó rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó ṣà á, a ó fi ewé wé e sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń kó o lọ sókè Ọya. Awọ tí a bó yẹn, tó bá dà sílẹ̀ símẹ́ńtì, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, mo sì fi ìdí lélẹ̀. Eegun ìdí mi ṣẹ́. Wọ́n fi irin dè é ní ọsibítù, dókítà sì sọ fún mi pé kì í ṣe ìṣubú nìkan ló ṣẹ́ ẹ, pé inú eegun mi ti tín-ín-rín bí asẹ́ tó ti gbó. Ó ní kí n máa lo hóró kan lọ́sẹ̀. Ó ní tí mo bá lò ó fún ọdún bíi mélòó kan, kí n padà wá kí wọ́n wò ó bóyá kí n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Mo padà lọ. Dókítà yẹn ti lọ sí òkè òkun. Ẹni tí mo bá lórí àga rẹ̀ ní kí n rìn kí òun rí i, mo rìn, ó ní ìrìn mi dára, kí n máa bá a lọ. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gba ọ̀rọ̀ oògùn náà ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bọ̀ wálé, ó ti ń fi í rán an. Kò pa á jẹ rí, èmi náà ò sì pa á jẹ rí. Ọmọ-ọmọ mi tó ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ hóró Sátidé ti wọ yunifásítì, mo ṣì ń gbálẹ̀, mo ṣì ń gbé e mì. Ìdí ò dùn mí mọ́. Èèyàn tí ibì kan ò dùn kì í lọ wá ẹni tó máa ní kó dáwọ́ dúró.

Ẹnu la fi ń ṣe iṣẹ́ obì. Ojú lè rí obì tí kòkòrò ti lu, ọwọ́ lè mọ èyí tó ti rọ̀, ṣùgbọ́n láti mọ èyí tó gbó tó, tí kò ní jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀, àfi kéèyàn gé ṣóńṣó rẹ̀ jẹ. Èyí tó gbó á dún, á korò, lẹ́yìn náà adùn á tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá ti já àpò sílẹ̀ láti ọ̀nà Likosi, wọn á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Eyín ẹ̀yìn apá òsì ni mo fi ń gé e, ibẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà jù. Lọ́jọ́ kan, mo gé obì kan tó ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan nínú àwọn eyín ẹ̀yìn mi ti ìsàlẹ̀ sì là sí méjì.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń yọ eyín ní ìgboro. Ó bi mí léèrè oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru fún un. Mi ò rántí ti Sátidé. Tí mo bá tilẹ̀ rántí, mi ò ní mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ibo ni ìdí ti pàdé ẹnu? Ó yọ eyín náà dáadáa, kò dùn mí púpọ̀, mo sì padà sí ibùsọ̀ obì.

Ihò tó ṣẹ́ kù kò dí. Ẹran ìdí eyín ò bò ó. Mò ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ yọ ẹnu, mò ń jẹun lápá ọ̀tún, mo ní ara àgbà ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jinná. Ó pẹ́ díẹ̀ ni nǹkan funfun kan wá yọrí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣa obì láti ìgbà tí àwọn ọkọ wa ti wà láyé, kò sì sí ohun tí kò lè sọ sí mi. Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ló ń pè mí, nítorí ọmọ mi.

"Ìyá Lọ́ńdọ̀nù, kí ló ń funfun lẹ́nu ẹ nígbà tó o rẹ́rìn-ín yẹn?"

"Ibi tí wọ́n ti yọ eyín ni."

"Yanu." Mo yanu. Ó mú orí mi, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń wo obì tó fura sí.  Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá wo nǹkan. Obìnrin yìí ń hu eyín."

Wọ́n pé lé mi lórí. Ọ̀kan fi ọwọ́ kàn án, ó ní ó le, eyín gidi ni. Òmíràn ní ìyá ìyá òun náà hu eyín lọ́jọ́ ogbó, ó sì tún gbé ayé pẹ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ó ku kó o máa rákò. Tó o bá ti ń rákò, sọ fún mi, kí n lọ ra ìlédìí sílẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó hu eyín lẹ́yìn tí ewú ti gba orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á ní Ẹlẹ́dàá ti fi kún ọjọ́ rẹ̀. Àwọn aláhesọ lè ní ọjọ́ ọmọ ẹlòmíì ló ń jẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn létí mi. Wọ́n ń wá kí mi ni. Ẹni tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá wà, ẹni tó kàn fẹ́ kí n yanu kí òun wò ó wà.

Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, wá fúnra rẹ̀. Ó wo ẹnu mi, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Màmá, Ọlọ́run ti sọ yín dọ̀tun. A máa dúpẹ́."

"Ìdúpẹ́ wo?"

"Nínú ìjọ ni. Ẹ ó jáde síwájú, ẹ ó sọ ohun tí Olúwa ṣe."

Kó tó jáde nílé ló ti fi fóònù bá pásítọ̀ sọ ọ́. Wọ́n mú ọjọ́ Ìsinmi kan.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ẹnu. Àwọn tó ń wá wò ó, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń lọ; èmi ni mo ń bá a sùn. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ tí iyọ̀ ò lè lé. Nígbà mìíràn ọyún máa ń bá itọ́ jáde. Apá òsì ètè mi ìsàlẹ̀ kú, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Mo lè máa mu ẹ̀kọ kó máa ṣàn sí mi láyà, mi ò ní mọ̀ títí aṣọ á fi tutù. Mo wá mú ṣíbí, mo fi ìdí rẹ̀ kan eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan funfun yẹn. Eyín náà dá mi lóhùn. Mo kan nǹkan funfun. Kò dáhùn. Mo tún un kàn, mo kàn án dáadáa. Bí ìgbà téèyàn kan àwo ni.

Mo ti wà nídìí obì pẹ́ tó láti mọ̀ pé òórùn kì í jáde lára ohun tó ń hù. Ohun tó ti kú ni òórùn ń bá jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó bá mi jókòó ti ọjà mi. Mo wọ máàrúwá lọ sí ọsibítù ńlá, mo bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Dókítà obìnrin kan, tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, ló dá mi jókòó. Ó tan iná sí ẹnu mi. Kò fi ọwọ́ kàn án bí àwọn ará ibùsọ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi yí i ká.

"Màmá, ṣé wọ́n ti fi iná ìtọ́jú jẹjẹrẹ sí yín lọ́rùn rí?"

"Rárá o, ọmọ mi."

"Ṣé oògùn kan wà tí ẹ ń lò fún eegun? Hóró ni tàbí abẹ́rẹ́."

Mo wò ó. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ohun tó wà lẹ́nu yín yìí ló sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó?"

"Ọmọ-ọmọ mi ti fi í wọ yunifásítì."

Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Bàbá kan ni, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé ọjà rẹ̀ kì í bàjẹ́. Wọ́n ya fọ́tò eegun àgbọ̀n mi, ó sì gbé e síwájú iná kí èmi náà lè rí i. Ó ní kí n sún mọ́ ọn. Kò bá mi sọ òyìnbó.

"Màmá, eegun ara dà bí ilé alámọ̀. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó ibi tó ti gbó nínú rẹ̀, tó sì ń mọ tuntun síbẹ̀. Lọ́jọ́ ogbó, àwọn tó ń wó ilé á máa yára ju àwọn tó ń mọ ọ́n lọ, ilé á sì tín-ín-rín. Oògùn yín ló ń dí àwọn tó ń wó ilé lọ́wọ́. Ó dára fún ìdí yín. Ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ púpọ̀ lára, àtúnṣe á falẹ̀. Àgbọ̀n yìí ló sì ń fẹ́ àtúnṣe jù, torí a ń fi jẹun, a ń fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín, ihò ṣí sílẹ̀, eegun ibẹ̀ ò rí agbára tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ kú."

"Ó kú."

"Ó kú, Màmá. Èyí tó ń funfun yìí, eegun àgbọ̀n yín ló yọrí síta. Kì í ṣe eyín."

 Mo rántí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbé wá kí mi. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni mo rín in.

Ó ní kí n dá oògùn Sátidé dúró, pé òun á bá àwọn dókítà eegun sọ ọ́, wọ́n á sì wá ọ̀nà mìíràn fún ìdí mi. Ó fún mi ní omi tí mo máa fi yọ ẹnu àti oògùn tó ń pa kòkòrò. Ó ní nígbà mìíràn, ìwọ̀nyí ti tó. Òkú eegun náà á já fúnra rẹ̀, ẹran á bò ó. Mo lò wọ́n bó ṣe wí, mi ò fo hóró kan. Nígbà tí mo padà lọ, ọyún ti dínkù, ṣùgbọ́n fọ́tò tuntun fi hàn pé òkú eegun náà ti ràn sí ìsàlẹ̀. Bàbá náà fi pẹ́ńsù tọ́ka ibẹ̀ fún mi. Eegun tó dára tó ṣẹ́ kù lábẹ́ kò nípọn ju ìka mi kékeré lọ.

"Tó bá dé etí ìsàlẹ̀ yìí, Màmá, àgbọ̀n lè ṣẹ́. Kò ní jẹ́ pé ẹ ṣubú. Ẹ lè máa jẹ ẹ̀bà lásán kó ṣẹ́. Tó bá ṣẹ́, irin la máa fi dè é, kì í sì í rọrùn láti mú un jinná lára eegun tó ti rí báyìí."

"Kí ni kí a ṣe kó má dé ibẹ̀?"

"A máa la ẹran ìdí eyín, a máa gé èyí tó ti kú kúrò, a máa ha á títí a ó fi dé eegun tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ó wà láàyè. Lẹ́yìn náà, a máa fa ẹran bò ó, a ó rán an."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju gbogbo èyí tó ti ń sọ bọ̀ lọ. Obì tí kòkòrò bá lu, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ọ̀bẹ gé e: a kì í dáwọ́ dúró níbi tó dúdú, a ó gé e títí a ó fi kan ibi tó ń sun oje. Ẹni tó bá ṣàánú obì, tó gé e díẹ̀, yóò tún un gé lọ́la.

"Ẹ gé e," ni mo wí.

Ilé ni iṣẹ́ wà. Mo kọ́kọ́ pe ọmọ mi obìnrin. Ó ti ń sunkún kí n tó sọ̀rọ̀ dé àárín.

"Mọ́mì, èmi ni mo ṣe yín. Èmi ni mò ń fi ránṣẹ́."

"Ìwọ lo jẹ́ kí ìdí mi kejì má ṣẹ́. Ǹjẹ́ o gbọ́ ohun tí mo wí? Sun ẹkún rẹ tán. Tó o bá sun ún tán, mú bírò, kí o kọ àwọn ìbéèrè tí o fẹ́ kí n bi dókítà sílẹ̀, torí ìwọ lo mọ̀wé."

Ó fọn imú. Ó ní, "Mo ti mú bírò."

Ti àkọ́bí mi ló le. Ó wá láti Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò tilẹ̀ jókòó.

"Màmá, lọ́jọ́ orí yín, kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn yín lẹ́nu? Tí ẹ ò bá jí nínú oorun tí wọ́n bá fi kùn yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró de Ọlọ́run díẹ̀ sí i."

"Mo ti dúró. Òórùn náà ni kò dúró."

"Dókítà lè ṣàṣìṣe."

"Ó lè ṣe é. Ìwọ náà lè ṣe é. Ìwọ lo pè é ní eyín."

Ó wá jókòó. Mo rí i pé ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, wọ́n sì ti pọ̀ mọ́ra débi pé òun gan-an ò mọ èwo ló ń sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Wọ́n ti kéde yín, Màmá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìjọ?"

"Má sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ ọ́. Ẹnu mi ni, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n dá yẹn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò rán tuntun. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́, mo jáde síwájú. Ọmọ mi jókòó níwájú lọ́hùn-ún, ó ń wo bàtà rẹ̀. Wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo gbé e sí apá ọ̀tún ẹnu, torí apá òsì ò mọ ibi tó wà mọ́.

Mo ní, "Wọ́n sọ fún yín pé mo hu eyín. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe eyín. Eegun àgbọ̀n mi ló kú, tó yọrí síta. Oògùn tí mo lò pẹ́ ló fà á. Oògùn náà ò burú, ó gbé ìdí mi dúró. Mo kàn lò ó kọjá ibi tó yẹ kí ẹnì kan ti bá mi wò ó ni. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n máa gé ibi tó kú kúrò. Mo wá dúpẹ́ pé mo tètè mọ̀. Kí ẹ bá mi gbàdúrà kí ọwọ́ dókítà má gbọ̀n."

 Pásítọ̀ ò mọ̀ bóyá kó ní kí wọ́n kọrin ni tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, tí kì í ṣe ìjọ wa, tó tìtorí mi wá, ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò sì gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ: "Ẹ̀n-ẹ́n, èmi tí mo ti ra ìlédìí sílẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, ó sì ká gbogbo ilé. Nígbà tí mo wo ọmọ mi, èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbàlagbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun náà ń lo oògùn eegun, àwọn ọmọ òun sì fẹ́ mú òun lọ yọ eyín. Mo ní kó kọ́kọ́ mú páálí oògùn náà dání lọ fi han ẹni tó máa yọ ọ́, kó má sì dáwọ́ oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n bèèrè ta ló máa fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ọmọ mi dìde. Mo gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo kọ orúkọ mi gbọọrọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ tí mi ò parí. Mo gbé bírò náà fún ọmọ mi, mo ní kó fọwọ́ sí ibi ẹlẹ́rìí.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe nínú ibẹ̀. Ẹni tó kùn mí lóorun ní kí n máa ka àwọn ọmọ mi, mi ò sì rántí pé mo ka dé ìkẹta. Nígbà tí mo la ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹni tó fi odidi ìkòkò gúgúrú kan sẹ́nu, ahọ́n mi sì wúwo. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé sí àgbọ̀n. Mo tọ̀ ọ́ láti etí dé etí. Ó pé. Kò ṣẹ́. Kò sí irin.

Bàbá dókítà dé pẹ̀lú obìnrin kékeré yẹn. Ó ní èyí tó pọ̀ nínú eegun náà ti lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó fi èérún kan hàn mí nínú ike kékeré. Ó funfun, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì tó gbẹ. Mo wò ó dáadáa. Ohun tí gbogbo Ọ̀fin bá mi yọ̀ sí nìyẹn.

"Ṣé ó ṣẹ̀jẹ̀?" ni mo fi ahọ́n wúwo bi í.

"Ó ṣẹ̀jẹ̀, Màmá. Yíká-yíká."

Ìjìyà tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ ni. Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ohun tó le, mi ò gbọ́dọ̀ fi ahọ́n tọ okùn tí wọ́n fi rán an. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n sẹ́ ni mò ń mu. Ìgbà yẹn ni àkọ́bí mi wá gbé ọ̀dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀. Èmi tí mo bí i ò rí i kó sẹ́ ògì rí láyé rẹ̀. Ó ń sẹ́ ẹ, ó ń tún un sẹ́, ó fi gèlè mi àtijọ́ sẹ́ ẹ, torí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé èèpo àgbàdo kan péré lè há sójú okùn. Mo ń wò ó láti orí ibùsùn, ògì dé apá rẹ̀. Kò tún mẹ́nu kan ìjọ. Lọ́jọ́ kan ṣá, bó ṣe ń fún gèlè náà, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kó jẹ́ eyín ni."

Mo ní, "Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi gbé ìkọ́kọrẹ́ wá lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí láyè láti jẹ ohun tó rọ̀. Ó ti fọ́ gbogbo kókó inú rẹ̀, ó ti yọ gbogbo egungun ẹja. Ó jókòó tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń gbé e mì.

"Eegun yẹn dà?"

"Ó kù sọ́dọ̀ wọn."

"O ò gbà á bọ̀? À bá jù ú sórí páànù bí àwọn ọmọdé ṣe ń ju eyín, bóyá òmíì á hù."

"Mi ò fẹ́ kí òmíì hù."

"Ìyẹn náà dáa. Yanu kí n rí i."

Mo yanu. Ó yí orí mi sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́. Ó wò ó pẹ́. Kò pe ẹnì kankan. Ó ní, "Ẹran ti bò ó," ó sì gbé ṣíbí lé mi lọ́wọ́ padà.

Ètè mi apá òsì ò tíì jí tán. Dókítà sọ pé ó lè má jí tán. Mo ti kọ́ bí mo ṣe ń fi ojú wo kọ́ọ̀bù títí yóò fi kan ẹnu. Ọ̀rọ̀ ìdí mi ti wà lọ́wọ́ àwọn dókítà eegun, wọ́n ń wò ó, mo sì ń rìn láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ní kí n máa rìn. Ní Sátidé mo ṣì ń gbálẹ̀. Àwọn ará ilé ti mọ̀ pé kò sí ohun tí mo gbé mì kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò fi hàn pé etí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n náà ti ń nípọn, bàbá náà ní mo lè padà sídìí obì, kí n má sáà fi apá òsì gé nǹkan tó le mọ́. Mo mú àga mi jáde. Ọkọ̀ kan já àpò sílẹ̀ láti ọ̀nà Likosi ní ọjọ́ náà, wọ́n sì mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi na ọ̀bẹ sí mi. Mo gba ọ̀bẹ náà, mo bẹ́ ṣóńṣó obì àkọ́kọ́ wẹ́lẹ́, mo fi í sí apá ọ̀tún, mo sì rún un.  Ó dún. Ó korò, mo dúró dè é, adùn náà sì dé.

"Èyí gbó," ni mo wí. "Ẹ gbé ìkejì wá."